Ara Ni Kí Ọmọ Tíátà Kọ́kọ́ Kọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ tíátà ní yunifásítì la mú wá lónìí. Bẹ́ ẹ bá ya kíláàsì wọn lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ bá wọn níbi tí wọ́n ti bọ́ bàtà, tí ẹnìkan ń yí gbirigbiri nílẹ̀, tí méjì fẹ̀yìn ti ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò mú ìwé lọ́wọ́, kí lẹ máa rò? Ṣé ẹ máa ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́? Àbí ẹ máa ní owó ilé ìwé ti bómi lọ? Èrò tèmi rèé, mi ò ní fi bò. Eré tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe eré tí a kò ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọmọ tó bá fẹ́ di òṣèré, ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ́. Kó sì kọ́ bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lè jọ gbé eré dìde láìsí ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó kó ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àṣà àtọ̀húnrìnwá ni mo ń tà. Lọ́dún 1826, arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Scotland, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn eégún aláré ṣeré níwájú rẹ̀. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì wà títí dòní. Àwọn òṣèré kó sínú àpò, wọ́n ń fò, wọ́n ń tàkìtì. Erè ńlá kan yọ orí nínú àpò, ó ń nà, ó ń ká, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹnìkan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín agbo. Àpò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Orí funfun yọ. Agbo pariwo gèè. Òyìnbó ni! Ó rù kan eegun. Òtútù ń mú un. Ó ń ṣe bí ẹni fín áṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ìgbà tó wá gbé ẹsẹ̀, ńṣe ló ń tẹ ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí láìsí bàtà. Clapperton fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé òun àti irú rẹ̀ ni wọ́n ń sín jẹ, gbà pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo bi yín: ta ló kọ eré yẹn? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ ọ? Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti jókòó wo ẹsẹ̀ òyìnbó, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo imú rẹ̀. Ẹnìkan ti pinnu pé àpò kò gbọdọ̀ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé orí ni kó kọ́kọ́ yọ, kí ariwo agbo lè ga kí ara tó jáde. Ẹnìkan ti rò ó pé kí erè ṣáájú òyìnbó, kí òyìnbó ṣe ìkẹyìn, torí pé bí wọ́n bá fi í ṣáájú, kí ni wọ́n máa fi lé e? Gbogbo ìpinnu wọ̀nyẹn ni òǹkọ̀wé máa ń ṣe lórí tábìlì. Àwọn tiwọn ṣe é lórí ìdúró, pẹ̀lú ara, pẹ̀lú àpò, pẹ̀lú ojú tó ń ṣọ́ni. Iṣẹ́ tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ àfaraṣe lónìí nìyẹn. Àwọn alárìnjó ti ń jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ iṣu kí ẹ̀ka tíátà kankan tó dé ilẹ̀ wa.

Ó wá yẹ ká béèrè bí àwọn ibòmíì ṣe sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Ní Paris, lọ́dún 1956, Jacques Lecoq ṣí ilé ẹ̀kọ́ tíátà kan. Iṣẹ́ eré ìdárayá ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti ìtàgé. Lẹ́yìn náà, kó tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà, ló lọ gbé ní Italy fún ọdún bíi mélòó kan, níbi tó ti bá Amleto Sartori tó ń ṣe ìbòjú ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé ìbòjú aláwọ kan fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìbòjú náà kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro, kò bẹ̀rù. Wọ́n á ní kó lọ sí etí omi lọ dágbére fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ. Ìyẹn nìkan ni. Ọmọ náà á dúró. Á gbé ọwọ́ sókè. Ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú. Ṣé ọwọ́ ló kọ́kọ́ lọ ni, àbí àyà? Ṣé ejìká rẹ̀ le? Ìgbà tí ọkọ̀ ti rìn jìnnà, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ̀, àbí ó ṣì ń juwọ́ bí ẹni lé eṣinṣin? Ẹni tó bá ní ojú, ó lè fi ojú tàn wá jẹ. Ó lè ya ẹnu, ó lè rọ omijé. Ìbòjú ti gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni ara, ara kì í sì í mọ irọ́ pa tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá kejì ẹ̀kọ́ Lecoq ló kàn mí jù. Lẹ́yìn rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1968, ó fi àkókò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ nìkan. Olùkọ́ á fún wọn ní kókó kan. Yóò jáde. Wọ́n á pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kékeré. Wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà. Wọ́n á gbé ọ̀nà kan kalẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á tún un mọ. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á ṣe é níwájú gbogbo ilé ìwé, olùkọ́ á sì sọ ojú abẹ níkòó. Simon McBurney gba ilé ẹ̀kọ́ yẹn kọjá. Lọ́dún 1983, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Complicité sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tó di ìlú mọ̀ọ́ká káàkiri ayé nítorí eré tí wọ́n fi ara gbé dìde. Ta ló wá lè sọ pé àwọn ọmọ yẹn ń fi àkókò ṣòfò?

Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín ni, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ tíátà là ń sọ. À ń sọ pé eré tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe eré tí a kò ṣiṣẹ́ lé lórí. À ń sọ pé ara ni kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́, kí ìwé tó dé. Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nínú kíláàsì, torí pé àìmọ̀ ló ń bí àbùkù. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Frantic Assembly. Ìlú Swansea ní Wales ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994. Scott Graham àti Steven Hoggett wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì kà, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn níjó. Iṣẹ́ kan tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn débi pé ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ nílé lálẹ́ yìí. Ẹ gbé àga méjì sún mọ́ ara. Kí èèyàn méjì jókòó. Kò sí ìtàn, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìbínú, kò sí ẹ̀rín. Ẹni àkọ́kọ́ á gbé ọwọ́ lé ẹnìkejì lórí orúnkún. Ẹnìkejì á gbé ọwọ́ náà kúrò, á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Òun náà á wá na ọwọ́ tirẹ̀ gba ẹ̀yìn ọrùn ẹni àkọ́kọ́. Ẹni yẹn á tẹ orí ba, á bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Wọ́n á máa fi ọ̀kan lé ọ̀kan títí tí yóò fi mọ́ wọn lára bí orin. Olùkọ́ á wá ní kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kó falẹ̀. Kí ẹnìkan má ṣe wo ojú ẹnìkejì mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wòran á ṣàdédé rí tọkọtaya tí ìfẹ́ ti tutù. Olùkọ́ á ní kó yá, kí wọ́n sì máa wo ara wọn. Ẹ ó rí ìjà, tàbí kẹ̀, ẹ ó rí ọ̀dọ́ méjì tí ń tage. Ọwọ́ kan náà ni o. Orúnkún kan náà ni. Kí ló yí padà? Ọmọ tó bá ti fi ara rẹ̀ rí èyí kò tún ní gbà mọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń sọ ìtàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Wọ́n ní: bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibi tí kò bá sí òǹkọ̀wé, gbogbo wọn á di ọ̀gá, eré á sì di ọbẹ̀ tí igba ọwọ́ bù iyọ̀ sí. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ọ̀pọ̀ eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbé dìde ni kò dùn. Ó máa ń gùn jù. Gbogbo ẹni tó bá mú èrò wá ló fẹ́ kí èrò òun wọlé, ojú sì máa ń tì wọ́n láti sọ fún ọ̀rẹ́ pé tirẹ̀ kò bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ẹgbẹ́ eré alágbèéká tiwa ṣe yanjú rẹ̀. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn kiri, ó bá wọn ṣeré pàápàá, ó sì kọ ìwé ńlá lórí wọn. Àwọn eré wọ̀nyẹn kò sí nínú ìwé. Ọ̀gá ló mú ìtàn wá, òun ló pín ipa. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ló ń wá ọ̀rọ̀ ipa tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìlú dé ìlú, ohun tí àwọn òǹwòran bá gbà, á dúró, èyí tí wọn kò bá gbà, á bọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Ògúndé náà, orin wọn ni wọ́n máa ń kọ́ létòlétò, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òṣèré. Ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ló gbé Yorùbá Ronú jáde lọ́dún 1964, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi fòfin dè wọ́n. Ṣé ìjọba máa ń fòfin de eré ọmọdé ni? Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń jọ gbé eré dìde nílò ojú kan tó dúró níta, ojú tó lágbára láti sọ pé yọ èyí, fi ìyẹn sílẹ̀. Lecoq ṣe é lópin ọ̀sẹ̀. Adéjọbí ṣe é lójoojúmọ́. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ń bàjẹ́ nílé ìwé wa ni ibi tí olùkọ́ ti ní kí àwọn ọmọ lọ ṣe é, tó sì gba ilé lọ.

Àwọn mìíràn á ní, ìwọ náà ti fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́. Adéjọbí kò lọ sí yunifásítì lọ kọ́ ọ. Eégún aláré tí Clapperton rí kò gba ìwé ẹ̀rí. Kí wá ni ilé ìwé ń wá níbẹ̀? Èsì mi ni pé wọ́n kọ́ ọ o, kódà wọ́n kọ́ ọ ju ti ọmọ yunifásítì lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí agbo ilé eégún aláré ti ń tàkìtì kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó ń wo bàbá, ó ń wo ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń nà án, wọ́n ń yìn ín, títí tí ara rẹ̀ fi gbọ́ràn. Ọdún gbọọrọ ni. Ọmọ tó wọlé sí ẹ̀ka tíátà ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ lónìí, orí bẹ́ǹṣì ló ti lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó, kó dákẹ́, kó kọ nǹkan tó wà lójú pátákó. Ara rẹ̀ ti gbàgbé. Ta ni yóò dá a padà fún un bí kò ṣe ilé ìwé? Kò sì yẹ ká gbàgbé pé ilé ìwé àti eré alágbèéká ti pàdé rí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ka tíátà Yunifásítì Ìbàdàn fún oṣù mélòó kan. Lọ́dún 1963, Lánkẹ́ Ọ̀mù ló bá ibẹ̀ jáde, eré tí wọ́n gbé dìde láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Àpapọ̀ ọwọ́ méjèèjì ló bí i.

Ẹ tún wo òkè ọya. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tíátà Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé lọ. Wọn kò kó ìwé eré dání. Wọ́n bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n fi í gbé eré dìde ní èdè Hausa, wọ́n ṣe é lójú àwọn tó ni ìṣòro gan-an. Ẹ fojú inú wò ó. Bí o bá ṣi ìrìn àgbẹ̀ rìn níwájú àgbẹ̀, ta ló máa bò ọ́ láṣìírí? Kò sí ìdánwò inú gbọ̀ngàn tó le tó ìyẹn.

Ó ku àríwísí kan tí àwọn òbí máa ń sọ lábẹ́ ahọ́n, mo fẹ́ gbé e jáde sí gbangba. Wọ́n ní ọkùnrin ń gbé obìnrin, obìnrin ń fara ti ọkùnrin, kí ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Wọn kò jẹ̀bi láti béèrè. Ní ilẹ̀ yìí, a mọ ohun tí àwọn olùkọ́ kan ti fi ipò wọn ṣe. Ẹ̀kọ́ àfaraṣe tí kò ní òfin léwu, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ṣe dáadáa, òun gan-an ló ń kọ́ ọmọ pé a kì í fọwọ́ kan ara ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bi ara wọn: ibo ni mo lè fọwọ́ kàn, ibo ni kò gbọdọ̀ débẹ̀? Ẹni tó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn, kò sì ní gba máàkì òdo tìtorí ẹ̀. Wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń gbé èèyàn láìdá a lẹ́yìn, bí a ṣe ń ṣubú láìfara pa. Ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ yìí ńkọ́? Lọ́jọ́ kan, olùdarí eré á ní kó gbá ẹnìkejì mú lórí ìtàgé, kò sì ní mọ bó ṣe máa béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ bó ṣe máa kọ̀. Èwo ló léwu jù nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tá à ń sọ ò tíì yẹ̀: eré tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe eré tí a kò ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ fúnra wọn ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní fíìmù làwọn fẹ́ ṣe, ojú ni kámẹ́rà ń yà, kí ni àwọn fẹ́ fi ìyírí nílẹ̀ ṣe? Ó dáa. Ta ló kọ́kọ́ mú fíìmù Yorùbá rìn? Ògúndé ni, Adé Love ni, Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sálà ni. Orí ìtàgé ni gbogbo wọn ti bọ́ síwájú kámẹ́rà. Ẹ rántí Bàbá Sálà, kó tó ya ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan, ìrìn rẹ̀ ti pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé eré náà kò ní pàdánù nǹkan kan. Ẹ mú eré Ṣóyínká lórí Ẹlẹ́ṣin Ọba, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Yorùbá. Ibi tí eré yẹn ti ga jù, ijó ni. Ẹlẹ́ṣin ń jó lọ sí ọ̀nà ọ̀run. Òǹkọ̀wé kò lè bá a jó o. Òṣèré tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, tí ara rẹ̀ kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi ayé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á kàn máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ lójú wa ni.

Ọ̀rọ̀ máàkì ló kù, òun ni àwọn ọ̀gá ilé ìwé fi máa ń sá. Wọ́n ní báwo la ṣe fẹ́ fún eré tí kò sí nínú ìwé ní máàkì? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó ń ṣe ìdánwò GCSE ti ilé ìwé girama nínú tíátà gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ gbé eré tuntun dìde. Yàtọ̀ sí eré náà, á mú àkọsílẹ̀ wá: ohun tí wọ́n gbìyànjú, ohun tí wọ́n sọnù, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ nù. Olùkọ́ wọn á ka ìyẹn, á wo eré, á sì mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹgbẹ́. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ná wa ju gbọ̀ngàn òfìfo, ilẹ̀ tó mọ́, àti olùkọ́ tó dúró. Ọdún àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi í sí, ní òwúrọ̀ tí ara ṣì yá, kó má jẹ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí gbogbo wọn ti ń wo aago. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka tíátà tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ìbéèrè yín rèé: ọdún wo lẹ ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Kí ló ń dí yín lọ́wọ́, ṣé gbọ̀ngàn ni àbí olùkọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dáhùn. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Èsì yín la máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní déédéé àkókò yìí.